Nígbà Tí Nǹkan Bá Há Ọmọ Lọ́fun: Ìgbàgbọ́ Tó Ní Ọwọ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alágbàtọ́, ẹ̀yin olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ kú ìjókòó o. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fura.

Ọmọ ọdún 2 ń jẹ èso àjàrà, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì. Kò sunkún, kò wúkọ́. Ó yanu sílẹ̀, ó ranjú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń wá ohun tí yóò dì mú. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kó rò pé ọmọ ti rí ohun ìṣeré tó gbà á lọ́kàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ewu. Ẹni tó bá ń ké, tó ń wúkọ́, afẹ́fẹ́ ṣì ń kọjá lọ́fun rẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ bá dí pátápátá kò ní èémí tí yóò fi ké.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ààlà la máa ń fi í kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n lónìí ẹ jẹ́ ká gbà á gẹ́gẹ́ bó ṣe dún létí. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun. Èyí tó wà lẹ́yìn ni oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn, èyí tó wà níwájú ni èémí ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìdérí kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà èémí: bí a bá ti ń gbé nǹkan mì, á pa dé, bí a bá fẹ́ mí, á ṣí. Ọmọ tó ń sáré, tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó ń sunkún pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu lè fa èémí lójijì nígbà tí ìdérí náà ṣì ṣí sílẹ̀, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì bá èémí wọlé. Ti ọmọdé wá le ju ti àgbà lọ. Eyín iwájú tí a fi ń gé nǹkan ló kọ́kọ́ máa ń hù. Àwọn ti ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ kúnná máa ń pẹ́ dé, àwọn tó kẹ́yìn nínú wọn sì lè má hù tán títí ọmọ yóò fi sún mọ́ ọdún 3. Ọmọ á gé ohun tí kò lè lọ̀. Ọ̀nà èémí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikọ́ rẹ̀ kò sì tíì lágbára tó láti ti ohun tó há jáde.

Bí èémí bá dáwọ́ dúró, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fara pa láàárín ìṣẹ́jú 4 sí 6. Ká tó tẹ fóònù, ká tó júwe ilé, kí ọkọ̀ tó gbéra, àkókò yẹn ti ń tán lọ. Ẹni tí Ọlọ́run yóò lò fún ọmọ yẹn, ó ti wà nínú ilé kí nǹkan tó há a lọ́fun. Ìyá rẹ̀ ni, tàbí bàbá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń bàlágà, tàbí àlejò tó wá kí wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́nẹ́sísì orí 2 ẹsẹ 7 ní Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ó sì mí èémí ìyè sí ihò imú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi dá a. Ti ènìyàn, ó sún mọ́ amọ̀ náà débi pé èémí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bọ́ sí ihò imú. Àwa tí à ń pè é ní Ẹlẹ́mìí, tí èémí àti ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wa, ó yẹ kó tètè yé wa pé ẹni tó bá tẹ̀ síwájú láti ṣí ọ̀nà èémí ọmọdé, ìdí iṣẹ́ Ọlọ́run ló dúró sí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtàn obìnrin ará Ṣúnémù sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4. Kì í ṣe oúnjẹ ló há ọmọ tirẹ̀ lọ́fun. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló wà lóko ìkórè nígbà tó figbe ta pé, "Orí mi, orí mi!" Wọ́n gbé e lọ fún ìyá rẹ̀, ó jókòó lórí orúnkún ìyá náà títí di ọ̀sán, ó sì kú. Ìyá tẹ́ ẹ sórí ibùsùn wòlíì Èlíṣà, ó ti ilẹ̀kùn, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní gàárì, ó kọrí sí Òkè Kámẹ́lì. Èlíṣà kọ́kọ́ fi ọ̀pá rẹ̀ rán Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀: kó yára, kó má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, kó gbé ọ̀pá náà lé ọmọ lójú. Géhásì jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an. Kò sí ohùn, kò sí ìró. Ó padà wá sọ pé ọmọ náà kò jí.

Nígbà tí Èlíṣà fúnra rẹ̀ dé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbàdúrà sí Olúwa. Lẹ́yìn àdúrà náà ló gun orí ibùsùn, ó nà lé ọmọ náà, ó fi ẹnu lé ẹnu rẹ̀, ojú lé ojú, ọwọ́ lé ọwọ́. Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Wòlíì sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú ilé, ó tún padà lọ nà lé e. Ìgbà yẹn ni ọmọ náà sín lẹ́ẹ̀méje, tó lajú. Iṣẹ́ ìyanu ni, a kò sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìtọ́jú aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí iṣẹ́ ìyanu náà gbà. Ọ̀pá tí a fi ránṣẹ́ kò jẹ́ iṣẹ́ kankan. Àdúrà, àti ara tó sún mọ́ ara, ló jẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì gbà. Ìgbàgbọ́ tó ń ké "Jésù!" láti ẹnu ọ̀nà, tí kò mọ ibi tí ọwọ́ yóò bà lára ọmọ, ọ̀pá Géhásì ló gbé dání. A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rù mú, tó jẹ́ pé igbe nìkan ló lè ké lọ́jọ́ náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ọwọ́ wà lára ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ká fi gbàdúrà, ọwọ́ sì ṣeé kọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ ń wúkọ́. Bí ikọ́ náà bá ń dún dáadáa, tí ó lè sunkún tàbí sọ̀rọ̀, ẹ má lù ú, ẹ má fún un lómi, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dúró tì í, kó tẹ̀ síwájú, kó máa wúkọ́ lọ. Kò sí ohun tí a lè ṣe láti ìta tó lágbára tó ikọ́ tó ti inú wá. Ó máa ń ṣòro fún òbí láti dúró bẹ́ẹ̀, ó máa ń dà bíi pé à ń wo ọmọ níran. Ẹ dúró síbẹ̀síbẹ̀, kí ojú yín má kúrò lára rẹ̀.

Bí ikọ́ bá di aláìlóhùn, tí ọmọ kò lè sunkún, tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí aró, àkókò ti tó. Lára ọmọ tó dúdú, inú ètè àti èékánná ni kí ẹ wò, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Ẹ ní kí ẹlòmíràn pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ̀yin, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá tíì pé ọdún 1, ẹ jókòó tàbí kí ẹ kúnlẹ̀. Ẹ dojú ọmọ bolẹ̀ sórí apá yín, kí apá náà sinmi lórí itan, kí orí ọmọ rẹlẹ̀ ju àyà rẹ̀ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ yín ni yóò gbé orí rẹ̀ ró, kí àwọn ìka di egungun àgbọ̀n mú. Ẹ má jẹ́ kí ìka bọ́ sí ẹran rírọ̀ abẹ́ àgbọ̀n, nítorí bí ẹ bá tẹ ibẹ̀, ẹ lè dí ìwọ̀nba ọ̀nà tó kù. Ẹ wá fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá a láàárín ejìká méjèèjì, ìgbà 5, kí ẹ gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun gan-an ni yóò yọ ọ́. Bí kò bá jáde, ẹ fi apá kejì gbé e mọ́ra, ẹ yí i padà kó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí orí ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ wá àárín egungun àyà, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí orí ọmú méjèèjì ti bára dọ́gba. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń kọ́ni láti fi ìka 2 tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn ń kọ́ni báyìí pé ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan ló dára jù; èyí tí wọ́n bá kọ́ yín ni kí ẹ lò. Ẹ tẹ àyà náà wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìjìn rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, ìgbà 5. Ẹ tún yí i padà. Gbígbá 5, títẹ̀ 5, láì sinmi, títí yóò fi jáde. Ẹ má tẹ ikùn ọmọ ọwọ́ láé. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi, egungun ìhà kò sì bò ó tán. Ó lè ya sínú.

Ọmọ tó ti pé ọdún 1 sókè, ẹ kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ kí gíga yín lè bá tirẹ̀ mu. Ẹ fi ọwọ́ kan di àyà rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú dáadáa, ẹ gbá a láàárín ejìká ní ìgbà 5. Títẹ̀ síwájú yẹn ṣe pàtàkì: bí ọmọ bá dúró ṣánṣán, ohun tí gbígbá bá tú sílẹ̀ lè tún jìn sísàlẹ̀ sí i. Bí kò bá jáde, ẹ kó apá méjèèjì yí i ká. Ẹ di ìkúùkù, kí ẹ gbé ìhà àtàǹpàkò rẹ̀ lé ikùn ọmọ, lókè ìdodo, kó má dé ṣóńṣó egungun àyà. Ẹ fi ọwọ́ kejì bo ìkúùkù náà, ẹ fà á wọlé sọ́dọ̀ ara yín, kó sì gbọ̀nà òkè, lójijì, ìgbà 5. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì máa ń kù nínú ẹ̀dọ̀fóró bí ọ̀nà tilẹ̀ dí. Bí ikùn bá ti awọ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sókè, afẹ́fẹ́ náà á sáré jáde, á ti ohun tó há níwájú rẹ̀, bí ìgbà tí a tẹ ike òfìfo tí ìdérí rẹ̀ sì fò. Henry Heimlich, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí síta lọ́dún 1974. Fún aláboyún, tàbí ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi ju ohun tí apá lè ká, àyà ni kí ẹ tẹ̀ dípò ikùn.

Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ kò pọ̀, ẹ̀rù sì ni ìyá gbogbo wọn. Òbí ń gbá ọmọ jẹ́jẹ́, kó má baà dùn ún. Ẹlòmíràn ki ìka bọ ẹnu ọmọ láì rí nǹkan, ó sì ti ohun tó há wọ inú lọ. Ohun tí ojú bá rí kedere nìkan ni kí ìka yọ. Àwọn kan máa ń gbé ọmọ ní ẹsẹ̀, kí orí máa fì nísàlẹ̀. Ọmọ lè já bọ́, kò sì sí ọwọ́ tó kù láti gbá a. Omi kò lè ṣí ọ̀nà èémí tó dí, ńṣe ló máa ń dí i kún un. Àwọn mìíràn ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí i pé kò jáde, wọ́n gbé ọmọ sáré lọ sínú ọkọ̀. Ẹ rántí wòlíì tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, tó rìn lọ rìn bọ̀, tó tún padà.

Bí ọmọ bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ohun tó le, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì pe ìrànlọ́wọ́, ẹ pè é lórí fóònù tó ń gbé ohùn síta, kí ọwọ́ yín lè wà lófìfo. Ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, ó sún mọ́ ìgbà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìjìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 fún ọmọ tó ti lé lọ́dún 1. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó há, ẹ yọ ọ́. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wò ó bóyá àyà gbéra, kí ẹ sì padà sórí títẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ní kí èémí 5 ṣáájú títẹ̀ bó bá jẹ́ ọmọdé. Nígbà tí ẹnu yín bá bo ẹnu ọmọ, tí imú ọmọ ọwọ́ pàápàá wà nínú ẹnu yín, ẹ ó mọ ohun tí ẹsẹ 7 orí 2 Jẹ́nẹ́sísì tí a kà lẹ́ẹ̀kan ń sọ ju bí ìwàásù ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Fún ọmọ ọwọ́, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti tó. Ẹ má fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ bálúùnù.

Àwọn kan máa ń béèrè ìgbà tí àdúrà yóò wọ inú gbogbo èyí. Ẹ kà á sókè bí ẹ ti ń gbá a: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Bí ó bá jẹ́ orúkọ Jésù ni ẹ fẹ́ máa pè pẹ̀lú gbígbá kọ̀ọ̀kan, ẹ pè é, kí iye rẹ̀ ṣáà pé. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò dí nínú ilé, kí ọ̀kan ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣèrànwọ́, kí ọ̀kan kó àwọn ọmọ yòókù kúrò níbẹ̀, kí ó sì bá wọn gbàdúrà. Ọmọ ọdún 6 tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń wo àbúrò rẹ̀, kò ní gbàgbé ohun tó rí.

Ká ní ó jáde. Èso àjàrà kan ń yí lórí ilẹ̀, ó ń dán, gbogbo rẹ̀ kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Ọmọ fa èémí pẹ̀lú ariwo, ó bú sẹ́kún. Kò sí orin tó dùn tó ẹkún yẹn létí òbí. Ẹ dúpẹ́ níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, bó tilẹ̀ ti padà sídìí eré. Ẹni tí a bá tẹ ikùn rẹ̀, tàbí tí a tẹ àyà rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ohun tó lè ti fara pa nínú. Nígbà mìíràn sì rèé, apá kan á ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀pà ló burú jù nínú irú èyí: òróró inú rẹ̀ máa ń mú kí ibi tó sùn sí wú. Bí ikọ́ kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí àyà bá ń dún fíìn-fíìn lápá kan, bí ibà bá ń padà wá, ẹ sọ fún dókítà pé nǹkan ti há a lọ́fun rí. Fọ́tò X-ray kì í sábà fi oúnjẹ hàn, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu yín níye lórí gan-an níbẹ̀. Ẹ má fi "Olúwa ti parí rẹ̀" bo ìtàn náà mọ́lẹ̀ lójú dókítà.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò: bátìrì pẹlẹbẹ tó dà bí owó ẹyọ, irú èyí tó ń wà nínú rìmóòtù àti ohun ìṣeré. Èyí lè má dí èémí rárá, kó kàn há sí ọ̀nà oúnjẹ, kí ọmọ máa dá itọ́, kó má fẹ́ jẹun. Láàárín wákàtí 2 ó ti lè jó ọ̀fun. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má mú kó bì, ẹ má fún un ní oúnjẹ. Bí ó bá ti lé lọ́dún 1, tí kò sì tíì pé wákàtí 12 tó gbé e mì, tí ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ lè fún un ní oyin, ṣíbí tíì 2 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju ìgbà 6 lọ, bí ẹ ti ń lọ lọ́nà. Kí oyin má dá ìrìn yín dúró.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọmọ bá ti sùn, ìjà mìíràn á bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òbí á máa gbọ̀n lẹ́yìn tí ewu ti lọ. Wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, láti lọ gbé etí sí imú ọmọ. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè yóò dé: "Ta ló fún un ní àjàrà?" Tọkọtaya tó jọ kúnlẹ̀ ní ọ̀sán lè máa dá ara wọn lẹ́bi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n tó bu nǹkan fún àbúrò lè má sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó ti ọmọ yẹn, kó sọ fún un pé ìfẹ́ ló fi fún àbúrò rẹ̀, kó sì kọ́ ọ ní ohun tí a kì í fún ọmọ kékeré. Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní bí ìyá bá jí gbàdúrà ni, Ẹ̀mí ì bá ti fi hàn án. Ẹ padà sí Kámẹ́lì. Nígbà tí obìnrin ará Ṣúnémù di ẹsẹ̀ Èlíṣà mú, Géhásì fẹ́ tì í sẹ́yìn. Èlíṣà ní kó fi í sílẹ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, Olúwa sì ti fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún òun, kò sọ ọ́. Wòlíì tí obìnrin yìí kọ́ yàrá fún, tó tẹ́ ibùsùn fún, tó gbé fìtílà sí i, kò mọ̀. Ta wá ni àwa tí a ó sọ pé ó yẹ kí ìyá kan ti mọ̀? Lúùkù orí 13 sọ nípa àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa. Jésù béèrè bóyá wọ́n jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù lọ, ó sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí Yútíkù, ọ̀dọ́mọkùnrin inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, sùn lójú fèrèsé tó já bọ́ láti àjà kẹta, Pọ́ọ̀lù sọ̀ kalẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí wọ́n má dààmú. A kò rí i kà pé ó bi ẹnikẹ́ni pé ta ló ní kí ọmọkùnrin náà jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó wúwo, a ó sì sọ ọ́. Ìdílé wà tí wọ́n gbá a, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n gbàdúrà, tí ọmọ náà lọ. Ẹni tó bá dìde láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run dá ọmọ òun sí, kó jẹ́rìí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sọ pé nítorí ìgbàgbọ́ òun ni. Ìyá kan lè wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn tí ìgbàgbọ́ tirẹ̀ kò kéré sí tirẹ. Obìnrin ará Ṣúnémù bi wòlíì léèrè bóyá òun ló tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣebí òun ti ní kó má tan òun jẹ. Ìráhùn ni, ojúkojú. Bíbélì kò pa á rẹ́, Èlíṣà kò sì bá a wí. Ẹni tó bá ń sunkún lọ́nà bẹ́ẹ̀ láàárín wa, ẹ jẹ́ kó di ẹsẹ̀ mú, ẹ má tì í sẹ́yìn.

Ìwé Diutarónómì orí 22 ẹsẹ 8 pàṣẹ pé ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun kó mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wà lọ́rùn ilé náà. Àṣẹ Ọlọ́run nípa ògiri kékeré ni. Bíríkì tí a tò sétí òrùlé ti di ìgbọ́ràn sí Olúwa. Nídìí tábìlì oúnjẹ, ọ̀bẹ ni ìgbátí wa. Èso àjàrà, ẹ là á sí 4 lóòró. Bí ẹ bá gé e ní ìbú, ó ṣì rí róbótó, ó ṣì lè dí ọ̀nà bí ìdérí ìgò. Ẹ̀pà odindi, gúgúrú àti súìtì líle, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé ọdún 5. Ẹ̀pà lílọ̀, kó jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lórí búrẹ́dì; bó bá jẹ́ ìṣù nínú ṣíbí, ó lè lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Kárọ́ọ̀tì tútù, ẹ sè é kó rọ̀ tàbí kí ẹ rin ín. Ẹran, ẹ fà á ya tín-ín-rín. Bálúùnù tó bẹ́, ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ kí ọmọ tó dé ibẹ̀: ó máa ń lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ ọ̀nà èémí, gbígbá kì í sì í tètè yọ ọ́. Páálí róbótó tó ń kù láàárín tíṣù, ẹ má jù ú nù. Ohunkóhun tó bá lè wọ inú rẹ̀ kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Kí ọmọ jókòó jẹun, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí àgbà kan jókòó tì í. Kì í ṣe inú ọkọ̀ tó ń lọ, níbi tí ẹni tó ń wakọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i.

Àwa tí a máa ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká mú ohun kan wọ inú àdúrà náà. Kí ojú tó dì, kí ẹni tí yóò gbàdúrà kọ́kọ́ wo àwo ọmọ tó kéré jù nídìí tábìlì. Bí ohun róbótó bá wà níbẹ̀, kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Àdúrà tí a ń gbà pé kí oúnjẹ náà ṣe wá lóore, ó ti bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀bẹ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣe Àmín.

Ó tó báyìí. Àwọn ọmọlangidi wà lórí tábìlì níwájú. Ẹni tí kò bá rí gbà, kó ká aṣọ ìnura bí ọmọ ọwọ́. A kì í dán gbígbá àti títẹ̀ yìí wò lára ẹni tí nǹkan kò há lọ́fun, nítorí náà ẹ má fi ọmọ ara yín kọ́ ọ. Ẹ jókòó sétí àga. Ẹ na apá òsì yín sórí itan. Ẹ dojú ọmọ bolẹ̀, orí nísàlẹ̀, ìka ní egungun àgbọ̀n. Ẹ̀yin bàbá tó wà lẹ́yìn, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún sókè. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á, kí gbogbo ilé gbọ́: ọ̀kan.